Àgbá Tí Bàbá Fọ̀

Òórùn sódà ló kọ́kọ́ pàdé Ìyá Tánkì lẹ́nu géètì. Kì í ṣe òórùn ọṣẹ ìfọṣọ. Sódà tí wọ́n fi ń fọ tánkì ni, irú èyí tó máa ń ta èèyàn nímú bí ata tó ń jó lórí iná. Ó sọ àpótí ìgò tó gbà bọ̀ láti ọ̀dọ̀ onígò kalẹ̀, ìgbà náà ló rí i pé ilẹ̀ tutù. Òjò ò sì rọ̀. Omi aláwọ̀ oyin kan ń yọ́ jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìpọntí, ó ń gba inú gọ́tà lọ sí ojú títì, ìhó funfun sì gun orí rẹ̀.

"Bàbá!" ó pariwo. "Bàbá, ẹ dà?"

"Inú ibí ni mo wà." Ohùn náà ń dún bí ohùn ẹni tó wà nínú kànga. "Rọra máa bọ̀. Ilẹ̀ ń yọ̀."

Bàbá rẹ̀ wà nínú àgbá onígi tó tóbi jù nínú àwọn àgbá tó wà níbẹ̀. Ilẹ̀kùn kékeré tó wà nídìí àgbá náà ni wọ́n gbà wọlé. Wọ́n ti ká ṣòkòtò dé orúnkún, búrọ́ọ̀ṣì onírun líle wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ń fọ ara igi náà láti òkè wá sísàlẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń fọ̀ ọ́ nígbà tí irun orí wọn ṣì dúdú. Nígbà tí wọ́n yọ orí síta, ojú wọn ń dán. Ó ti pẹ́ tí Ìyá Tánkì ti rí irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lẹ́nu wọn.

"Ọmọ yìí, orí ló yọ ẹ́," Bàbá wí. "Ṣé o mọ̀ pé ọtí ẹ ti kan? Ó ti kan kọjá ààlà! Mo wọlé wá wo nǹkan, mo bá ìdérí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo gun àkàbà, mo yọjú. Kí ni mo rí? Awọ funfun ti bo ojú ọtí bí ìpẹ́ ṣe ń bo ojú arúgbó. Mo ní, háà! Ṣé èyí ni ọmọ mi fẹ́ gbé síwájú oníbàárà lọ́la? Mo bá ṣí i dànù. Ojú ì bá tì wá pa ní àdúgbò yìí."

Ìyá Tánkì di ògiri mú. "Àwọn kékeré ńkọ́, Bàbá? Àwọn tó wà lẹ́yìn?"

"Gbogbo ẹ̀ ni mo fọ̀! Omi gbígbóná, sódà, omi gbígbóná. Bí mo ṣe kọ́ ẹ."

Òótọ́ ni. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Ọmọdé ni nígbà tí Bàbá kọ́kọ́ tì í gba ilẹ̀kùn kékeré yẹn wọlé, tí wọ́n sì na búrọ́ọ̀ṣì sí i, nítorí kò sí òṣìṣẹ́ kankan tí èjìká rẹ̀ gba ibẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ bá sọ ọ́ ní Ìyá Tánkì. Orúkọ náà bá a dàgbà, ó bá a relé ọkọ, ó sì bá a padà wálé nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú. Òun náà ò gba ilẹ̀kùn yẹn mọ́ láti ìgbà tó ti di obìnrin. Ó wá wo Bàbá bí wọ́n ṣe ń jáde, èjìká kan lẹ́yìn èkejì, láìfara kan igi. Kò mọ̀ pé wọ́n ti rù tó bẹ́ẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n rí ọwọ́ yín," ó wí.

Ọwọ́ Bàbá ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú, awọ orí ìka ti ń bó. Ìyá Tánkì fà wọ́n lọ sábẹ́ ẹ̀rọ omi, ó sì jẹ́ kí omi máa ṣàn lé ọwọ́ náà títí Bàbá fi ń ráhùn bí ọmọ kékeré.

"Ìbọ̀wọ́ yín dà?"

"Ìbọ̀wọ́ wo? Ta ló ń fi ìbọ̀wọ́ fọ àgbá?"

Bàbá yìí kan náà ló lé òṣìṣẹ́ kan lọ sílé rí nítorí pé ó fi ọwọ́ lásán kan sódà. Ìyá Tánkì fa etí aṣọ tó mọ́ ya, ó fi wé ọwọ́ wọn.

"O ò sọ̀rọ̀," Bàbá wí, wọ́n ń wo ojú rẹ̀. "Ṣé inú ẹ ò dùn ni?"

"Inú mi dùn, Bàbá."

"O ò sì dúpẹ́."

"Ẹ ṣeun, Bàbá," ó wí. "Ẹ ṣeun gan-an."

Ó mú wọn jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, kí atẹ́gùn fẹ́ sí wọn, ó sì padà wọlé lóun nìkan. Ó gun àkàbà, ó fi imú sí ẹnu àgbá. Lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, òórùn tó wà níbẹ̀ dà bí òórùn èso tó pọ́n já bọ́ sínú ewé tútù. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣí i láti tọ́ ọ wò. Ibẹ̀ ló wà tí ọkọ̀ tó fẹ́ gbé e lọ gba ìgò fi ń fọn fèrè léraléra, tó fi sáré jáde, tó fi gbàgbé ìdérí sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Báyìí, igi náà ń rùn bí igi lásán. Ó dà bí ilé tí wọ́n ti kó gbogbo ẹrù jáde nínú ẹ̀.

Nígbà tí ilé ìpọntí yìí ń lọ geere, bíà Bàbá mọ́ gaara, èèyàn lè rí ìka ara ẹ̀ lódì kejì ife. Ohun kan ṣoṣo ni Bàbá sá fún láyé: kíkan. "Ọtí tó bá ti kan, ó ti bàjẹ́," ni wọ́n máa ń wí. "Apọntí tí ọtí ẹ̀ bá kan, kó yáa lọ máa ta omi." Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ ńlá kan kọ́lé sí etí ìlú, ọkọ̀ rẹ̀ ń já bíà sílẹ̀ káàkiri, àwọn oníbàárà Bàbá sì ń dín kù lọ́kọ̀ọ̀kan bí eyín. Wọ́n ta àwọn tánkì tó ń dán. Wọ́n ta ẹ̀rọ tó ń rọ ọtí sígò. Ohun tó kù ni ohun tí kò sí apọntí tó fẹ́ ẹ mọ́: agbada idẹ pupa kan tó wà lábẹ́ òrùlé, tó fẹ̀ bí ilẹ̀ yàrá, tí kò sì jìn ju àárín ojúgun lọ, tí àwọn ará àtijọ́ máa ń da ọtí gbígbóná sí kó lè tutù, àti àwọn àgbá onígi tí Bàbá ti pa tì láti ìgbà tí wọ́n ti ra tánkì onírin. Àpò òfìfo àti àga tó kán ni wọ́n ń kó sínú wọn.

Kò sẹ́ni tó lè fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe bíà tó mọ́. Ojú agbada wà gbayawu sí atẹ́gùn, iṣan igi sì máa ń fi ohun tó ti mu pamọ́. Ohunkóhun tí wọ́n bá dà sínú wọn, ó máa kan dandan ni. Àmọ́ obìnrin kan tó ní hòtẹ́ẹ̀lì létí odò sọ fún Ìyá Tánkì pé àwọn èèyàn wà tí wọ́n ń wá bíà kíkan kiri, tí wọ́n ń rọra mu ún bí ẹni mu wáìnì. Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kó sùn. Ó kó àpò àti àga jáde. Ó dí àwọn ihò tó wà lára agbada. Ó pọn omi sínú àwọn àgbá títí igi fi wú, tí wọn ò jò mọ́. Ó se ọkà, ó da omi rẹ̀ sórí agbada, ó sì ṣí gbogbo fèrèsé sílẹ̀ kí ohun tó wà nínú atẹ́gùn lè bà lé e. Lẹ́yìn náà ó rọ ọ́ sínú àgbá, ó sì ń dúró títí awọ funfun fi bo ojú rẹ̀, bó ṣe máa ń rí tí irú ọtí bẹ́ẹ̀ bá ń jinná. Òjò rọ̀ ó dá, òjò tún rọ̀. Kíkan tí Bàbá fi gbogbo ayé wọn lé jáde nínú ilé yìí, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ pè é wọlé, tó sì fún un ní àga jókòó.

Kò sọ fún Bàbá. Kò láyà rẹ̀. Tí wọ́n bá bi í pé kí ló wà nínú àgbá, á ní, "Bíà ni, Bàbá," inú wọn á sì dùn pé ọmọ wọn ń pọntí.

"Ìyá Tánkì o!"

Aránṣọ tó ń gbé lójúlé kejì ló fọwọ́ lé orí ọgbà, tó ń rẹ́rìn-ín. "Kí lẹ dà sí gọ́tà? Àwọn ewúrẹ́ mi mu ún, wọ́n wá ń rìn bí ọkọ mi lọ́jọ́ tó bá gbowó oṣù. Òbúkọ ńlá yẹn, orin ló kù kó kọ!"

Ìgbà tó rí ojú Ìyá Tánkì, ẹ̀rín náà ká kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, mà."

"Ojú ẹ ti sọ̀rọ̀. Mo ní ta ló kú?"

Ìyá Tánkì sún mọ́ ọgbà, ó sì rò fún un wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Aránṣọ pàtẹ́wọ́, ó káwọ́ lérí. Ó wo Bàbá lórí bẹ́ǹṣì, tí wọ́n fi aṣọ wé ọwọ́ méjèèjì, tí wọ́n ń kun orin kan sínú bí ẹni tó ti iṣẹ́ àṣeyọrí dé.

"Ṣé wọ́n mọ ohun tí wọ́n ṣe?"

"Wọ́n mọ̀. Wọ́n ní àwọn gbà mí lọ́wọ́ ìtìjú."

"Kí lo wá fẹ́ sọ fún ẹ̀gbọ́n ẹ? Àbí kì í ṣe ọ̀la ló ń bọ̀?"

Ọ̀la ni. Ọ̀rọ̀ méjì ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, àkọ́bí Bàbá tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú ńlá, ti bá a sọ. Àkọ́kọ́ ni pé tí bíà kíkan náà bá yọrí, kó máa pọn ọ́n lọ. Tí kò bá yọrí, wọ́n á ta agbada idẹ àti gbogbo irin tó kù nílé, kí Ìyá Tánkì náà wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. Ọ̀rọ̀ kejì ò ní àdéhùn nínú. Bàbá ti ṣí gáàsì sílẹ̀ rí láìtan iná sí i, wọ́n sì lọ sùn. Láti ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n yìí ti gba ibùsùn sílẹ̀ fún wọn nílé ìtọ́jú arúgbó kan, ilé funfun tí wọ́n ń ti géètì rẹ̀ pa lọ́sàn-án. "Tí irú ẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀," ó wí, "mi ò ní bi ẹnikẹ́ni. Màá wá gbé wọn ni."

"Sọ òótọ́ fún un, ọmọ mi," Aránṣọ wí. "Sọ pé ọtí ẹ dára, Bàbá ló dà á nù. Á ṣàánú ẹ. Á ní kó o tún bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹ."

"Lóòótọ́, mà. Á ní kí n tún bẹ̀rẹ̀." Ìyá Tánkì bojú wẹ̀yìn. "Ibo ni Bàbá máa wà nígbà tí mo bá ń bẹ̀rẹ̀?"

Aránṣọ yọ abẹ́rẹ́ kan tó fi há àyà aṣọ rẹ̀, ó wò ó, ó sì dá a padà síbi tó ti yọ ọ́.

Ìyá Tánkì pe obìnrin oníhòtẹ́ẹ̀lì, oníbàárà tó fẹ́ wá tọ́ ọtí náà wò lọ́la, lórí fóònù, ó ní kó má wulẹ̀ wá. Ìyẹn ò pẹ́ lórí fóònù. Ó ní ó dun òun, ó ní tí òmíràn bá jinná kó pe òun. Ìyá Tánkì dúpẹ́. Lẹ́yìn náà ló wọ yàrá rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìgò kan ṣì wà níbẹ̀ tó ti fà sílẹ̀ láti inú àgbá ńlá lọ́sẹ̀ tó kọjá, pé kí ẹ̀gbọ́n òun tọ́ ọ wò. Ó fọwọ́ kàn án. Ó tún un tì sẹ́yìn, ó sì fi bàtà dí i.

Ọjọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé pẹ̀lú ọkùnrin kan tó ń ra ògbólógbòó irin. Onírin náà ti wọlé, ó ti ń fi ìka kan gbogbo nǹkan bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn, tó ń fetí sí i. Ẹ̀gbọ́n fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá, ó sì mú ife kan jáde nínú báàgì rẹ̀, ife dáadáa, èyí tó ní ẹsẹ̀.

"Mo mú ife dání," ó wí fún àbúrò rẹ̀, ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. "Mo ti ṣe fáàrí níbi iṣẹ́. Mo ní bí ojú mi bá pọ́n nígbà tí mo bá padà dé, bíà àbúrò mi ló fà á. Ó yá, gbé e wá. Tó bá dára, onírin á bá ọ̀nà ẹ̀ lọ, n kì í ṣe ọ̀tá ẹ."

Ìyá Tánkì ò mọ̀ pé ó máa mú ife wá. Ìyẹn ló fẹ́ da omi lójú rẹ̀.

"Kò sí, ẹ̀gbọ́n."

"Kò sí báwo?"

"Ó bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́."

"Bàjẹ́? Ìwọ lo pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá tó o ní kò tíì sí irú ẹ̀."

"Ó yí padà."

"Bíbàjẹ́ ni ọtí yẹn bàjẹ́," Bàbá dá sí i lórí àga wọn, ojú wọn ń dán. "Ó ti kan! Ì bá bà wá lórúkọ jẹ́. Èmi gan-an ni mo—"

"Èmi ni mo ní kí Bàbá bá mi dà á nù."

Ó sọ ọ́ sókè ju bó ṣe yẹ lọ. Bàbá yíjú sí i. Ojú wọn ń wá nǹkan kan kiri lójú rẹ̀, bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò aṣọ tó mọ̀ dájú pé ó fi í sí. Wọn ò rí i. Ìgbéraga tó wà níbẹ̀ láti àná rọra kú bí iná tí epo rẹ̀ gbẹ.

"Bẹ́ẹ̀ ni," Bàbá wí níkẹyìn. "Òun ló ní kí n dà á nù."

Aránṣọ ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé aṣọ tó fẹ́ fi wé ọwọ́ Bàbá lọ́tun dání. Ó ya ẹnu láti sọ̀rọ̀. Ìyá Tánkì wò ó. Ó pa ẹnu náà dé.

"Kí ló ṣe ọwọ́ wọn?" ẹ̀gbọ́n béèrè.

"Sódà ló ta sí wọn níbi tí wọ́n ti ń bá mi fọ àgbá. Mi ò fún wọn ní ìbọ̀wọ́."

"O fi Bàbá sídìí sódà? Ẹni ọdún mélòó? Ṣé alágbàṣe lo fi wọ́n ṣe ni?" Ohùn rẹ̀ ń ga sí i. "Ọtí bàjẹ́ mọ́ ẹ lọ́wọ́, o wá ń fi arúgbó palẹ̀ ìdọ̀tí ẹ mọ́! Ìgbà tí mo ní o ò lè ṣe méjèèjì pọ̀, o ní mò ń fojú kéré ẹ. Kí lo fẹ́ kí n pè é báyìí?"

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n."

"Ìwọ, má bá a wí," Bàbá sọ fún ọmọ wọn ọkùnrin. Wọ́n gbìyànjú láti dìde, wọ́n tún jókòó. "Ta ni ọtí ẹ̀ ò kan rí? Tèmi náà kan rí. Ó kan dáadáa! Mo kàn máa ń sáré dà á nù kí àwọn òṣìṣẹ́ tó dé ni."

Kò sẹ́ni tó gbọ́ ìyẹn lẹ́nu wọn rí. Ẹ̀gbọ́n wo ife tó wà lọ́wọ́ ara rẹ̀, ó nù ún, ó sì dá a padà sínú báàgì.

"Tá a bá ń tà á, ẹ jẹ́ ká tà á," onírin wí láti ẹnu ọ̀nà. "Oòrùn ń mú."

Wọ́n gé agbada idẹ náà sí wẹ́wẹ́ kí wọ́n tó lè gbé e sọ̀ kalẹ̀ láti abẹ́ òrùlé. Ariwo ayùn irin gba gbogbo àdúgbò. Wọ́n kó páìpù, wọ́n kó ìkòkò ìseọkà, wọ́n tú ìdè irin tó yí àwọn àgbá kékeré ká, igi wọn sì ṣí sílẹ̀ bí òdòdó tó gbó. Nígbà tí wọ́n dé ìdí àgbá ńlá, onírin fi ìka kàn án, ó ju ọwọ́ nù.

"Irin ara eléyìí ti dípẹtà, kò tó ohun tá a ń tú. Igi ló kù. Kí ni mo fẹ́ fi igi ṣe? Ẹ fi dáná."

Kí ẹ̀gbọ́n tó wọkọ̀, ó gun àtẹ̀gùn lọ sábẹ́ òrùlé, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó sọ̀, eruku wà lórúnkún rẹ̀.

"Abẹ́ agbada yẹn ni mo máa ń sá sí tí Bàbá bá ń wá mi láti nà mí," ó wí. Lẹ́yìn náà ó tún ojú ṣe. "Màá jẹ́ kí wọ́n ṣì wà lọ́dọ̀ ẹ. Àmọ́ o ò gbọdọ̀ jẹ́ kí wọ́n dé ìdí sódà mọ́. Má jẹ́ kí n tún gbọ́ ọ."

"Ẹ ò ní gbọ́ ọ."

"Kí lo máa ṣe jẹun?"

"Ẹ̀rọ ìránṣọ kan wà nílé mi tí kò sẹ́ni tó ń jókòó sí i," Aránṣọ dáhùn kó tó sọ̀rọ̀. "Ẹni tó lè dí ihò ara idẹ, á lè rán etí aṣọ."

Ọkọ̀ lọ. Oòrùn ń wọ̀. Nínú ilé ìpọntí, gbogbo ibi tí nǹkan ti dúró rí lórí ilẹ̀ ló funfun ju ibi yòókù lọ. Bàbá ń rìn láti ojú àpá kan dé òmíràn, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ wọn wọ̀n ọ́n.

"Níbo ni wọ́n gbé agbada lọ?"

"Wọ́n lọ tún un ṣe ni, Bàbá."

"Ó dáa. Ó ti ń jò tipẹ́." Wọ́n rìn síwájú díẹ̀. "Ìgbà wo ni wọ́n máa dá a padà?"

"Ẹ jẹ́ ká jókòó, Bàbá."

Wọ́n jókòó sórí àpótí ìgò òfìfo, wọ́n kẹ̀yìn sí àgbá ńlá. Ìyá Tánkì wọ yàrá rẹ̀ lọ, ó sì mú ìgò tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì bọ̀. Kò mọ ìdí tó fi mú un wá. Bóyá nítorí pé kò sẹ́lòmíràn tó kù tó lè bá a mu ún. Ó ṣí i, ó dún pọ́ọ̀, òórùn èso àti ewé tútù sì tún gba ibẹ̀ kan fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ó bu díẹ̀ sínú kọ́ọ̀bù onípáànù, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tirẹ̀ ti kọ́ọ̀bù náà lẹ́yìn, nítorí aṣọ tó wà lọ́wọ́ Bàbá.

Bàbá gbé e súnmọ́ imú. Ojú wọn ká jọ.

"Ta ló pọn èyí?"

"Ẹnì kan tí kì í gbọ́ràn ni."

Wọ́n mu ún. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn wọ inú, ojú wọn dí, ó sì ṣe Ìyá Tánkì bíi pé kó gba kọ́ọ̀bù náà kí wọ́n tó tu ọtí dànù. Wọn ò tu ú. Wọ́n fi pamọ́ sẹ́nu, wọ́n ń yí i kiri lábẹ́ ahọ́n, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nígbà tí gbogbo òṣìṣẹ́ bá dúró yí wọn ká tí wọ́n ń retí ohun tí wọ́n máa sọ. Wọ́n gbé e mì.

"Kò bàjẹ́," Bàbá wí. "Kíkan ló kan."

Wọ́n sì na kọ́ọ̀bù sí i pé kó tún bu sí i.

Ìyá Tánkì bu díẹ̀ sí i. Ó gbé ìgò náà sókè sí ìmọ́lẹ̀ tó kù lójú fèrèsé, ó wo gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó sùn sí ìdí rẹ̀, ohun tó ṣì lè mú ọtí tuntun kan. Òun náà ò tíì mu, òùngbẹ sì ń gbẹ ẹ́. Ó mú ìdérí, ó dí ìgò náà pa dáadáa, ó sì gun àkàbà lọ gbé e sórí àgbá tí onírin kọ̀, níbi tí Bàbá ò lè fi ọwọ́ tí aṣọ wà lára rẹ̀ gùn dé.